Ìtọ́ka ìwọ̀n òwò onísáà púpọ̀

Ìtọ́ka ìwọ̀n òwò onísáà púpọ̀ jẹ́ irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí àwọn oníṣòwò ọjà ìpín ìdókòwò, owó ilẹ̀ òkèèrè àti owó kírípítò ń lò láti wo ìwọ̀n òwò sáà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí àtẹ kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣí àtẹ oníṣẹ́jú 15, fún àpẹẹrẹ, lè fi irinṣẹ́ yìí rí ìwọ̀n òwò wákàtí mẹ́rin, ti ọjọ́ kan tàbí ti ọ̀sẹ̀ kan láìkúrò lójú kan. Ète rẹ̀ rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn ìtọ́ka tó máa ń tètè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé àṣìṣe inú rẹ̀ kì í sábà mú kí ètò dáwọ́ dúró tàbí kí ó gbé ìkìlọ̀ jáde. Àwòrán yóò hàn, nọ́ńbà yóò máa yí, síbẹ̀ ohun tí ó ń sọ lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àyọkà yìí ṣàlàyé bí ìtọ́ka náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí ó ti máa ń yẹ̀, àti bí a ṣe ń wá orísun àṣìṣe rẹ̀, pàápàá lórí pèpéle TradingView àti MetaTrader.

Ìwọ̀n òwò àti sáà

Ìwọ̀n òwò, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń pè ní fọ́líùmù, ni iye ìpín, àdéhùn tàbí owó tí ó ti ọwọ́ olùtà bọ́ sí ọwọ́ olùrà láàárín àkókò kan. Bí ẹnì kan bá ta ìpín 100 tí ẹlòmíràn sì rà á, ìwọ̀n òwò rẹ̀ jẹ́ 100, kì í ṣe 200. Sáà ni gígùn àkókò tí ọ̀pá tàbí àbẹ́là kọ̀ọ̀kan dúró fún lórí àtẹ: ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan, ọjọ́ kan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. MetaTrader 4 ní sáà mẹ́sàn-án, láti ìṣẹ́jú kan títí dé oṣù kan. MetaTrader 5 ní 21.

Fífi ìwọ̀n òwò ṣe atọ́nà kì í ṣe ohun tuntun. Joseph Granville sọ ọ́ di gbajúmọ̀ nínú ìwé rẹ̀ Granville's New Key to Stock Market Profits tí ó jáde ní ọdún 1963, níbi tí ó ti gbé ìtọ́ka On-Balance Volume kalẹ̀. Nínú ìtọ́ka yẹn, a máa ń fi ìwọ̀n òwò ọjọ́ tí iye owó bá gòkè kún àpapọ̀, a sì máa ń yọ ti ọjọ́ tí iye owó bá wálẹ̀ kúrò. Ìwé àti gègé tó fún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí sáà kan ṣoṣo, ìyẹn ọjọ́, ni a ń kà. Ìṣòro tí àyọkà yìí ń sọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a fẹ́ kí sáà púpọ̀ jọ jókòó sórí àtẹ kan.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tó ń wá àṣìṣe mọ̀ ni pé “ìwọ̀n òwò” kì í ṣe ohun kan náà ní gbogbo ọjà. Ní ọjà ìpín ìdókòwò tó ní ilé pàṣípààrọ̀, iye ìpín tí wọ́n tà gan-an ni. Ní ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè, kò sí ilé kan ṣoṣo tí gbogbo òwò ń gbà kọjá, nítorí náà ohun tí MetaTrader ń fi hàn níbẹ̀ ni iye ìgbà tí iye owó yí lọ́dọ̀ alágbàtà kan láàárín sáà náà, èyí tí a ń pè ní tíìkì. Alágbàtà méjì lè fi nọ́ńbà tó yàtọ̀ pátápátá hàn fún wákàtí kan náà, kí àwọn méjèèjì má sì ṣe irọ́. Ní ọjà kírípítò, wọ́n lè ka ìwọ̀n òwò ní bitcoin tàbí ní dọ́là: bí iye owó bitcoin kan bá jẹ́ 60,000 dọ́là, 100 bitcoin àti 6,000,000 dọ́là jẹ́ òwò kan náà. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan wéra pẹ̀lú èkejì yóò rò pé ìtọ́ka òun ti ya wèrè.

Àwọn àtẹ kan wà tí kò ní ìwọ̀n òwò rárá, irú bíi ti àwọn òǹkà tí wọ́n kàn ṣírò láti ara iye owó ohun mìíràn. Bí ìtọ́ka bá ṣófo lórí irú àtẹ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a ó tún ṣe nínú kóòdù. Àwọn ìtọ́ka àbínibí TradingView a máa sọ ọ́ ní kedere pé olùpèsè dátà kò fi ìwọ̀n òwò ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìtọ́ka tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ kì í sọ ohunkóhun.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Lórí TradingView, èdè Pine Script ni a fi ń kọ ìtọ́ka. Àṣẹ tí ó ń lọ mú dátà sáà mìíràn wá ni request.security(), èyí tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ security() kí ẹ̀dà karùn-ún èdè náà tó jáde ní ọdún 2021. A ó sọ fún un orúkọ dúkìá, sáà tí a fẹ́ àti ohun tí a fẹ́ kí ó ṣírò níbẹ̀. Lórí MetaTrader, àṣẹ iVolume() ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: a ó fún un ní orúkọ dúkìá, sáà, àti nọ́ńbà ọ̀pá tí a ń wá, tí a ń kà láti ọ̀pá tuntun jù lọ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0 lọ sẹ́yìn.

Ní ibi méjèèjì, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀pá ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ tẹ́ bo ọ̀pọ̀ ọ̀pá kékeré. Ọjà ìpín ìdókòwò New York ń ṣí ní aago 9:30 òwúrọ̀, ó sì ń pa ní aago 4:00 ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 390, tàbí ọ̀pá oníṣẹ́jú 15 mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti ọjọ́ yóò wá di èyí tí a tún kọ ní ìgbà 26. Inú àtúnkọ yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àṣìṣe ti ń jáde.

Àtúnkùn

Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù lọ, tí ó sì ń náni lówó jù lọ, ni èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ríípéńtì, tí a lè pè ní àtúnkùn. Ìtọ́ka yóò fi ohun kan hàn nígbà tí ọjà ń lọ lọ́wọ́, yóò sì yí i padà lẹ́yìn náà bí ẹni tún ògiri kùn, débi pé ẹni tó bá wo àtẹ náà lọ́la kò ní mọ̀ pé àwọ̀ mìíràn ló wà níbẹ̀ lónìí.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Àpapọ̀ ìwọ̀n òwò ọjọ́ kan kò lè di mímọ̀ kí ọjà tó pa. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ọjọ́ tó ti kọjá, dátà náà ti wà nílẹ̀. Nínú Pine Script, ìyàn kan wà tí ó ń jẹ́ lookahead. Bí a bá ṣí i, ọ̀pá oníṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ti ọjọ́ kan tó ti kọjá, ìyẹn ti aago 9:30, yóò ti gbé àpapọ̀ ìwọ̀n òwò gbogbo ọjọ́ náà dání, wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Ní ẹ̀dà kìíní àti ìkejì èdè náà, ṣíṣí ni ìyàn yìí máa ń wà bí ẹni tó kọ kóòdù kò bá sọ nǹkan kan. Láti ẹ̀dà kẹta ni wọ́n ti sọ ọ́ di pípa. Ìdí nìyí tí kóòdù àtijọ́ tí wọ́n kàn dà kọ fi yẹ ní fífura sí.

A lè wo ohun tí èyí lè fà nínú àpẹẹrẹ kan. Ká ní oníṣòwò kan ṣe òfin fún ara rẹ̀ pé òun yóò ra ìpín bí ìwọ̀n òwò ọjọ́ bá ju ìlọ́po méjì ti ọjọ́ lásán lọ, tí iye owó sì ń gòkè. Ó dán òfin náà wò lórí ọjà ọdún méjì sẹ́yìn pẹ̀lú ìtọ́ka tí lookahead rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Kọ̀ǹpútà yóò ra ìpín ní aago 9:45 òwúrọ̀ ní kìkì àwọn ọjọ́ tí òwò yóò pọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí ó ti mọ̀ ṣáájú. Àwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ni iye owó máa ń rìn jìnnà jù. Èrè inú ìdánwò náà yóò kàmàmà bí èrè ẹni tí ó ti ka ìwé ìròyìn ọ̀la. Nígbà tí oníṣòwò náà bá wá fi owó gidi sí i, ní aago 9:45, ìwọ̀n òwò ọjọ́ náà kò ju ti ìṣẹ́jú 15 lọ. Àmì kì yóò jáde ní àkókò tí ìdánwò ṣèlérí, tàbí kí ó jáde ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí iye owó ti gòkè tán. Òfin náà kò bàjẹ́ lójijì. Kò fìgbà kan dára rí.

Ìdí nìyí tí àṣìṣe yìí fi ju ọ̀ràn kóòdù lọ. Wọ́n ń ta ìtọ́ka lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwòrán àtẹ tí gbogbo àmì rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ó yẹ gẹ́lẹ́. Kì í ṣe gbogbo irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tàn. Ẹni tó kọ kóòdù náà lè má mọ̀ pé òun ń fi ọjọ́ iwájú hàn lórí ọjọ́ àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n owó tí ó ń sọnù lọ́wọ́ olùrà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irọ́ àti àìmọ̀kan.

Pípa lookahead nìkan kò tó láti wo àrùn náà sàn. Bí ó bá wà ní pípa, lórí ọjọ́ àtẹ̀yìnwá, nọ́ńbà ọjọ́ kan kò ní hàn títí di ọ̀pá tó kẹ́yìn ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà bá ń lọ lọ́wọ́, nọ́ńbà tí kò tíì parí yóò máa hàn, yóò sì máa pọ̀ sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, àtẹ tí a ń wò lónìí àti àtẹ kan náà tí a tún ṣí lọ́la kò ní jọ ara wọn. Ọ̀nà tí àwọn tó ṣe èdè náà fúnra wọn dámọ̀ràn ni kí a béèrè ọ̀pá ọjọ́ tó ti parí, ìyẹn volume[1], kí a sì ṣí lookahead pọ̀ mọ́ ọn. Ó dà bíi pé èyí tako ohun tí a ti sọ, ṣùgbọ́n kò tako ó: àná ni a ń béèrè, àná sì ti di mímọ̀ láti òwúrọ̀ òní. Ohun tí a ó pàdánù ni pé ìtọ́ka yóò máa sọ̀rọ̀ àná. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti fara mọ́ nọ́ńbà tí ń yí, kí ó sì mọ̀ pé ó ń yí.

Lórí MetaTrader, ọ̀nà mìíràn ni àṣìṣe náà ń gbà wọlé. Ẹni tí ń kọ kóòdù fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń lo nọ́ńbà ọ̀pá àtẹ tirẹ̀ láti béèrè ọ̀pá sáà ńlá. Bí ó bá wà lórí ọ̀pá oníṣẹ́jú 15 kẹwàá sẹ́yìn, tí ó sì béèrè ọ̀pá ọjọ́ nọ́ńbà 10, kì í ṣe òní ni a ó fún un, bí kò ṣe ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Àwòrán tí yóò jáde kò ní ìbátan kankan pẹ̀lú iye owó tó wà lókè rẹ̀. Àṣẹ iBarShift() ni a fi ń tún un ṣe: a ó fún un ní àkókò ọ̀pá kékeré, yóò sì sọ nọ́ńbà ọ̀pá ńlá tí àkókò náà wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ṣì ní láti fi 1 kún nọ́ńbà tó bá dá padà bí a kò bá fẹ́ kí òwúrọ̀ ọjọ́ àtijọ́ mọ ìrọ̀lẹ́ rẹ̀.

Àmì kan tún wà tí ó máa ń da ènìyàn láàmú lórí pèpéle yìí. Ìlà ìtọ́ka yóò máa gòkè bí àtẹ̀gùn láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, ṣùgbọ́n bí a bá yí sáà àtẹ padà tí a sì padà sí ti àkọ́kọ́, àtẹ̀gùn náà yóò ti di ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ohun tó ń fà á ni pé kóòdù náà ń tún ọ̀pá tó kẹ́yìn nìkan ṣírò ní gbogbo ìgbà tí iye owó bá yí, kí ó má baà fi agbára kọ̀ǹpútà ṣòfò, nígbà tí àwọn ọ̀pá tó ṣáájú nínú ọjọ́ kan náà dúró sórí nọ́ńbà àtijọ́. Ó yẹ kí kóòdù tún gbogbo ọ̀pá kékeré tó wà lábẹ́ ọ̀pá ńlá tí kò tíì parí ṣírò.

Àpapọ̀ àti ìpíndọ́gba

Àṣìṣe kejì tó gbilẹ̀ ni ti ìṣirò lórí nọ́ńbà tí a ti tún kọ. Bí ìwọ̀n òwò àná bá jẹ́ mílíọ̀nù 8, tí a sì ní kí kọ̀ǹpútà ro gbogbo ohun tó rí lórí àtẹ oníṣẹ́jú 15 pọ̀ fún ọjọ́ kan, yóò ro mílíọ̀nù 8 ní ìgbà 26, yóò sì mú mílíọ̀nù 208 wá. Irú èyí rọrùn láti rí nítorí pé nọ́ńbà náà pọ̀ jù.

Ti ìpíndọ́gba ló nira láti mọ̀. Oníṣòwò fẹ́ mọ ìpíndọ́gba ìwọ̀n òwò 20 ọjọ́. Ó kọ́kọ́ mú ìwọ̀n òwò ọjọ́ wá sórí àtẹ oníṣẹ́jú 15, ó sì wá ní kí kọ̀ǹpútà ṣírò ìpíndọ́gba ọ̀pá 20. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé 20 ọjọ́ ni ó ní lọ́kàn. Ọ̀pá 20 tó wà níwájú rẹ̀ ni yóò kà, ìyẹn wákàtí márùn-ún. Láti aago 2:30 ọ̀sán, gbogbo ọ̀pá 20 náà yóò ti jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo, nọ́ńbà kan náà ni wọn yóò sì gbé. Bí a bá wá pín ìwọ̀n òwò sí ìpíndọ́gba yìí, èsì yóò jẹ́ 1 gééré. Ìtọ́ka tí ó ń kú lọ sórí 1 ní gbogbo ọ̀sán, tí ó sì tún ń jí ní gbogbo òwúrọ̀, ń fi àmì yìí hàn. Inú àṣẹ request.security() ni ó yẹ kí ìṣirò ìpíndọ́gba wà, kí ó lè ṣẹlẹ̀ lórí àtẹ ọjọ́ kí a tó gbé èsì rẹ̀ wálé. Ìyàtọ̀ láàárín ohun méjèèjì nínú kóòdù kò ju ibi tí àmì akọmọ́ wà lọ.

Bí a bá gba ọ̀nà kejì lọ, ìyẹn ni pé a wà lórí àtẹ wákàtí kan tí a sì béèrè ìwọ̀n òwò oníṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀pá kékeré 12 ni wákàtí kan ní, ṣùgbọ́n request.security() kò lè fún wa ju ọ̀kan lọ, èyí tó kẹ́yìn. Ìtọ́ka yóò wá kéré púpọ̀ sí ohun tó yẹ. Àṣẹ mìíràn, request.security_lower_tf(), ni a dá fún iṣẹ́ yìí. Ó ń kó gbogbo ọ̀pá kékeré náà wá pa pọ̀, a ó sì rò wọ́n fúnra wa.

Nínú èdè MetaTrader 5, nọ́ńbà odidi ni ìwọ̀n òwò. Bí a bá pín odidi sí odidi, èdè náà yóò gé ìdá tó ṣẹ́kù sọnù. Ìwọ̀n òwò 900 tí a pín sí ìpíndọ́gba 1,000 yóò di 0 dípò 0.9. Ìtọ́ka tí kò mọ ju 0, 1 àti 2 lọ yẹ kí ó rán ènìyàn létí àṣìṣe kékeré yìí kí ó tó máa wá ohun ńlá. Ní èdè yìí kan náà, bí a kò bá pàṣẹ fún àkójọ nọ́ńbà pé kí ó máa ka láti ọ̀pá tuntun lọ sẹ́yìn, ó lè máa ka láti àtijọ́ bọ̀, àwòrán ìtọ́ka yóò sì dojú kọ òdìkejì bí ìgbà tí a wo ara wa nínú dígí.

Ìgbà tí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ ni àṣìṣe kóòdù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, sáà méjì kò bára mu nítorí pé ọjọ́ wọn kò bẹ̀rẹ̀ lákòókò kan náà. Ọjọ́ ọjà kírípítò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 12 òru ti UTC, èyí tí ó jẹ́ aago kan òru ní Nàìjíríà. Ọjọ́ ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè ni a máa ń kà parí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ New York. Ní Nàìjíríà, aago 10 alẹ́ ni ìyẹn nígbà ooru Amẹ́ríkà àti aago 11 alẹ́ nígbà òtútù wọn, nítorí Amẹ́ríkà máa ń yí aago rẹ̀ padà, Nàìjíríà kì í yí tirẹ̀. Ìtọ́ka tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di oṣù kẹta tí ó wá fi wákàtí kan yẹ̀ lójijì kò nílò àtúnṣe mìíràn ju pé kí a má kọ wákàtí ọjà sínú kóòdù bí ohun tí kò lè yí.

Aago kọ̀ǹpútà alágbàtà náà ní ipa tirẹ̀. Ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè ń ṣí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ti New York. Alágbàtà tí ó ń lo aago UTC yóò ní ọ̀pá ọjọ́ Àìkú kékeré kan tí kò ju wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ rẹ̀ yóò sì ní ọ̀pá mẹ́fà dípò márùn-ún. Nínú ìpíndọ́gba ọ̀pá 20, mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò jẹ́ irú arárá bẹ́ẹ̀, wọn yóò fa ìpíndọ́gba wálẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ajé yóò sì wá dà bí ọjọ́ òwò ńlá. Ọ̀pọ̀ alágbàtà ti tún aago wọn tò kí ọjọ́ wọn lè parí pẹ̀lú ti New York nítorí ìdí yìí.

Lórí ìpín ìdókòwò Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú 390 kò ṣeé pín sí wákàtí gééré. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ kíkà láti 9:30, ọ̀pá wákàtí kan yóò jẹ́ méje, ṣùgbọ́n ọ̀kan tó kẹ́yìn jẹ́ ìṣẹ́jú 30 péré. Ọ̀pá wákàtí mẹ́rin yóò jẹ́ méjì, èkejì sì jẹ́ wákàtí méjì àti ààbọ̀. Wíwí pé òwò dínkù ní ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ọ̀pá kejì kúrú jẹ́ àṣìṣe ojú tí kò sí kóòdù tó lè wò ó sàn. Ní ọjọ́ kejì àjọ̀dún Ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà, ọjà ń pa ní aago kan ọ̀sán, ọ̀pá oníṣẹ́jú 15 yóò sì jẹ́ 14. Kóòdù tí ó ti gbà pé 26 ni wọ́n máa ń jẹ́ yóò lọ yá 12 lọ́wọ́ ọjọ́ tó ṣáájú láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun mìíràn tí ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé àpapọ̀ gbogbo ọ̀pá kékeré ọjọ́ kan lè má tó nọ́ńbà tí ọ̀pá ọjọ́ náà gbé. Àwọn òwò kan, pàápàá òwò ńlá tí wọ́n dúnàádúrà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a máa wọ inú àkọsílẹ̀ òpin ọjọ́ láì wọ inú àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú kankan. Àtẹ kan sì lè máa ka òwò tí a ṣe ṣáájú aago 9:30 àti lẹ́yìn aago 4:00, kí òmíràn má kà á. Lórí àwọn ìpín tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ tà, irú èyí tí ó wà ní ọjà Nàìjíríà àti ní ibòmíràn, ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lè kọjá láìsí òwò kankan. Níbi tí kò bá sí òwò, kò ní sí ọ̀pá, nítorí náà kíkà ọ̀pá 20 sẹ́yìn kò túmọ̀ sí kíkà 20 ìṣẹ́jú sẹ́yìn.

Pípín ìpín sí wẹ́wẹ́ náà máa ń da àtẹ rú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ NVIDIA pín ìpín kọ̀ọ̀kan sí mẹ́wàá ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹni tí dátà rẹ̀ kò ṣe àtúnṣe sẹ́yìn yóò rí i bí ẹni pé òwò fò sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí sáà kan bá ti gba àtúnṣe tí èkejì kò sì tíì gbà á, ìtọ́ka yóò máa fi ọsàn wé àgbọn.

Ọ̀pá tí kò tíì parí

Ní agogo 11 òwúrọ̀, ọ̀pá ọjọ́ kò tíì gbé ju ìwọ̀n òwò wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ. Bí a bá fi wé ìpíndọ́gba odidi ọjọ́, òwò yóò máa kéré ní gbogbo òwúrọ̀, láìka irú ọjọ́ tó jẹ́ sí. Àwọn kan máa ń fi ìsọdipúpọ̀ tún un ṣe: wọ́n á pín iye tó wà nílẹ̀ sí ìdá àkókò tó ti lọ. Ọ̀nà yìí kò péye lórí ìpín ìdókòwò, nítorí òwò kì í pín dọ́gba láàárín ọjọ́. Ó máa ń pọ̀ nígbà tí ọjà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, á rọlẹ̀ lọ́sàn-án, á sì tún pọ̀ kí ọjà tó pa. Ìsọdipúpọ̀ òwúrọ̀ yóò máa ṣèlérí ju ohun tí ìrọ̀lẹ́ lè san lọ. Èyí tí ó dára jù ni kí a fi ìwọ̀n òwò òní títí di aago 11 wé ìwọ̀n òwò àwọn ọjọ́ àtẹ̀yìnwá títí di aago 11.

Dátà tí kò tíì dé

MetaTrader 4 ń tọ́jú dátà sáà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, MetaTrader 5 sì ń fi dátà ìṣẹ́jú kan kọ́ gbogbo sáà yòókù. Nítorí náà, lórí èyí àkọ́kọ́, dátà wákàtí lè gùn ju ti ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, wọ́n sì lè tako ara wọn. Bí a bá béèrè sáà tí kọ̀ǹpútà kò tíì gbà wálẹ̀, iVolume() yóò dá 0 padà, àṣìṣe nọ́ńbà 4066 yóò sì wà nínú àkọsílẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé dátà náà ń bọ̀ lọ́nà. Ìtọ́ka tí kò bá yẹ àṣìṣe yìí wò yóò ya 0 náà sórí àtẹ bí ẹni pé ọjà kò ná lọ́jọ́ náà. Ṣíṣí àtẹ sáà yẹn lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ sábà máa ń tó láti mú dátà wálẹ̀.

Bí a ṣe ń wá orísun àṣìṣe

Kò sí ìdí láti bẹ̀rẹ̀ láti inú kóòdù. Ohun tó yẹ kí ó ṣáájú ni kí a ṣí àtẹ sáà ńlá fúnra rẹ̀, kí a lo ìtọ́ka ìwọ̀n òwò àbínibí pèpéle náà, kí a sì kọ nọ́ńbà ọ̀pá mẹ́ta tó ti parí sílẹ̀. A ó wá padà sí àtẹ kékeré láti wò ó bóyá ìtọ́ka onísáà púpọ̀ ń gbé nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyẹn ní àwọn ọjọ́ tó yẹ. Bí nọ́ńbà bá pé ṣùgbọ́n tí ó wà ní ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, nọ́ńbà ọ̀pá tàbí lookahead ni ká fura sí. Bí ó bá jẹ́ ìlọ́po tàbí ìdá nọ́ńbà gidi, ká wo ibi tí a ti ro ó pọ̀. Bí ó bá kàn yàtọ̀ díẹ̀, tí ìyàtọ̀ náà sì ń yí láti ọjọ́ dé ọjọ́, ààlà ọjọ́ tàbí orísun dátà ló sábà máa ń jẹ́.

Fún àtúnkùn, ọ̀nà tí kò ṣeé tàn ni kí a ya àwòrán àtẹ nígbà tí ọjà ń lọ, kí a tún ojú ìwé náà ṣí lẹ́yìn tí ọjà bá ti pa, kí a sì gbé àwòrán méjèèjì síra. Kò gba ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tí ó ń ra ìtọ́ka lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìrí kóòdù inú rẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò yìí kí ó tó fi owó gidi sórí àmì kankan.

Àwọ̀ ọ̀pá náà yẹ fún àyẹ̀wò tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtọ́ka ń kun ìwọ̀n òwò ní àwọ̀ ewé bí iye owó ìparí bá ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, wọ́n sì ń kùn ún ní pupa bí ó bá kéré sí i. Ọjọ́ kan lè jẹ́ àwọ̀ ewé lódindi nígbà tí èyí tó ju ìdajì ìwọ̀n òwò oníṣẹ́jú 15 inú rẹ̀ jẹ́ pupa. Kóòdù kò ṣìnà níbẹ̀. Ìbéèrè méjì ni wọ́n dáhùn. Lórí àtẹ Heikin-Ashi, níbi tí iye owó ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí jẹ́ èyí tí a ṣírò dípò èyí tí wọ́n ná lọ́jà, àwọ̀ lè yí padà láìjẹ́ pé ìwọ̀n òwò kankan yí. Bí ọ̀pá sáà kékeré bá sì pòórá pátápátá lójú àtẹ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun àti ìwọ̀n òwò ọjọ́ jọ ń lo òṣùwọ̀n kan ni: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá mílíọ̀nù 8, ọ̀pá ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nílẹ̀ lọ.